Ta Ni Ó Ni Òfin Ẹgbẹ́?

Àwọn àgbà a máa sọ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, Sókótó jìnnà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé ibẹ̀ láti Ọ̀yọ́ ní láti rin ìrìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́, kí ó la Odò Ọya kọjá, kí ó sì fara da oòrùn ilẹ̀ gbígbẹ kí ó tó rí odi ìlú náà. Ohun tí àwọn àgbà kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí Sókótó fúnra rẹ̀ yóò wà nínú àpò ṣòkòtò. Fóònù tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ̀ọ̀kan ń tì bọ àpò kiri ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Ìjẹ̀bú àti ẹni tí ó wà ní Gúsáù lè wà nínú ìpàdé kan náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn kúrò lórí ibùsùn rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò kì í ṣe tuntun, ojú tuntun ni ó gbà wọlé. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá pé jọ láti máa sọ̀rọ̀, ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé báyìí ni a ó ti máa sọ ọ́? Bí ẹnìkan bá sì sọ ohun tí kò yẹ, níbo ni ìyà rẹ̀ yẹ kí ó mọ? Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni èyí, pé kò yẹ kí ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa fi ojú ewé rẹ̀ ṣòfò lórí i rẹ̀, kí ó fi ara balẹ̀ bá mi dé Sókótó.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ọdún 2022, àwùjọ ènìyàn kan sọ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan lókùúta pa, wọ́n sì dáná sun ún, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a ń pè ní Shehu Shagari College of Education nígbà náà, ní ìlú Sókótó. Orúkọ rẹ̀ ni Deborah Samuel Yakubu. Ọdún kejì ni ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ gbìyànjú láti fi í pamọ́, ṣùgbọ́n agbára wọn kò ká àwọn tí ó ya bò wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ bíi tiwa ni. Ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni ni wọ́n pa, àwọn tí ó sì ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni bákan náà wà nínú àwọn tí ó pa á. Èyí nìkan tó ohun tí ó yẹ kí ó mú wa dá ìwé dúró kí a ronú.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀? Lórí ojú òpó WhatsApp tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì rẹ̀ dá sílẹ̀. Wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ránṣẹ́ síbẹ̀. Òun, tí í ṣe Kìrìsìtẹ́nì, wá fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kì í ṣe nítorí èyí ni a fi dá ojú òpó náà sílẹ̀, pé nítorí ìdánwò àti iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Ó fi ìbínú sọ ọ́. Àwọn kan nínú àwọn tí ó gbọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbùkù Ànábì Muhammad. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pa á.

Ààfin Sultan bu ẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn náà lọ́jọ́ náà gan-an, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa. Nígbà tí ọlọ́pàá mú ènìyàn méjì, àwọn ọ̀dọ́ tú síta ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e pé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ba ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́, gómìnà sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ àti dídá rògbòdìyàn sílẹ̀ ni wọ́n fi kan àwọn méjèèjì ní kóòtù, kì í ṣe ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, kóòtù dá wọn sílẹ̀ nítorí pé àwọn olùpẹjọ́ kì í yọjú. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, n kò gbọ́ pé a dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú ọmọ náà.

N kò mú ìtàn yìí wá láti fi bú ìlú kan tàbí ẹ̀sìn kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa níhìn-ín, ọlọ́pàá mú ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kan ní Ìbàdàn, wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin, ó sì lo oṣù mélòó kan ní àtìmọ́lé nítorí ọ̀rọ̀ tí ó sọ sí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Sókótó ni mo mú nítorí pé ó gba ojú ọ̀nà ìbéèrè wa kọjá tààrà.

Ẹ jẹ́ kí a fi omijé sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀, kí a wo ohun tí ọ̀dọ́bìnrin náà ń béèrè gan-an. Òfin ni ó ń béèrè. Ó ń sọ pé ẹgbẹ́ yìí ní iṣẹ́ kan tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, pé ohun tí kò bá bá iṣẹ́ náà mu, kí a gbé e lọ síbòmíràn. Kò sí ẹgbẹ́ tí kì í ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá tí ń dá àjọ lọ́jà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ kíkó owó tú àṣírí ọkọ rẹ̀ fún wọn. Ẹgbẹ́ awakọ̀ kì í fi ìpàdé owó gáréèjì jíròrò oyè ìdílé. Kí ni ó wá dé tí ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn bẹ́ẹ̀ fi di ikú?

Èrò tèmi ni pé òfin náà kò ní ẹni tí ó ni ín. Gbogbo ọmọ kíláàsì náà ni yóò mọ̀ pé nítorí ìwé ni wọ́n fi pé jọ sórí ojú òpó. Ṣùgbọ́n òfin tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí a kò fi ẹnu ẹgbẹ́ sọ, ọmọ òrukàn ni. Ẹni tí ó bá dìde láti gbèjà rẹ̀, òun nìkan ni yóò dá dúró. Etí àwọn ènìyàn kì í gbọ́ ‘ẹgbẹ́ ni ó wí bẹ́ẹ̀’. ‘Lágbájá ni ó wí bẹ́ẹ̀’ ni wọn máa ń gbọ́. Bí ó bá wá jẹ́ pé àwọn ènìyàn lágbájá kéré níye, tí ó jẹ́ obìnrin, tí ìlú kì í ṣe ìlú rẹ̀, tí ẹ̀sìn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wà níbẹ̀, kò sí bí yóò ti sọ̀rọ̀ nípa òfin tí wọn kò ní gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ sí ẹ̀sìn wọn. Ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ alága ni a fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó rẹlẹ̀ jù lọ láàrin ẹgbẹ́.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bí ó bá ti dákẹ́ ni, kì bá tí kú. Wọ́n á fi òwe kún un pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òwe náà dára, ibi tí wọ́n pa á sí ni kò dára. Ẹni tí a ń fi òwe yẹn bá wí gbọ́dọ̀ wà láàyè kí ó lè gbọ́ ìbáwí. Bí ó bá jẹ́ pé ó fi ìbínú sọ̀rọ̀, tí ó sì sọ ohun tí ó dun ẹlòmíràn nínú ohun tí ẹni náà kà sí mímọ́, ó yẹ kí a bá a wí, ó sì yẹ kí ó tọrọ àforíjì. Òfin ìpínlẹ̀ Sókótó fúnra rẹ̀, tí kò fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kò fún àwùjọ ènìyàn láṣẹ láti ṣe ìdájọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ó sì sọ bẹ́ẹ̀ ketekete nígbà náà.

A sì gbọ́dọ̀ ro ti ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ó ṣeé ṣe kí ó rò pé oore ni òun ń ṣe. Èwo nínú wa ni kò ní ojú òpó ìdílé tí ẹnìkan ti máa ń fi àdúrà òwúrọ̀ jí i, tí yóò sì fi kún un pé bí o kò bá fi ránṣẹ́ sí ènìyàn méje, ìbùkún yóò fò ọ́ kọjá? Ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí wa tí ó fi í ránṣẹ́ kò ní èrò ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rere ní ibi tí kò sí àyè rẹ̀ a máa di ẹrù fún ẹni tí a gbé e lé lórí, pàápàá nígbà tí kò bá lè sọ pé ó wúwo.

Báwo ni àwọn baba wa ṣe ń ṣe é? Àwọn ọmọ Yorùbá ti pẹ́ ní àwọn ìlú Òkè Ọya. Wọ́n gbé Kánò, wọ́n gbé Jọ́ọ̀sì, wọ́n gbé Sókótó, ibikíbi tí wọ́n sì dé ni wọ́n ti ń dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní parapọ̀ tàbí ìpàdé ọmọ ìbílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó sínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ẹnu kò ti ní ìjánu. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò nawọ́. Alága yóò dárúkọ rẹ̀. Yóò dìde, yóò kí àwọn àgbà, yóò sì dojú ọ̀rọ̀ kọ alága, kì í ṣe ẹni tí ó ń bá jà. Bí ó bá já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, yóò san owó ìtanràn. Bí ó bá bú ènìyàn, owó náà yóò lé, yóò sì dọ̀bálẹ̀. Bí ó bá ṣorí kunkun, wọn yóò ní kí ó lọ rọ́kún nílé fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá gbọ́ síbẹ̀, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́.

Ó tán. Kò sí ohun tí ó kù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ lẹ́yìn èyí. Bí ẹni tí a yọ náà bá ṣe ìkómọ lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ìdajì ẹgbẹ́ ni yóò wà níbẹ̀, alága pàápàá lè jẹ́ ẹni tí yóò gbàdúrà fún ọmọ. À ń jà bí í ká kú kọ́, ni Yorùbá wí. Ìyà tí ẹgbẹ́ lè fi jẹ ènìyàn kò gbọdọ̀ tóbi ju ẹgbẹ́ lọ. Ẹgbẹ́ kò dá ẹ̀mí ènìyàn, kò sì lè gbà á. Ẹgbẹ́ kò fún un ní oúnjẹ, kò sì lè fi ebi pa á. Jíjókòó láàrin wọn ni ó fún un, ìyẹn nìkan sì ni ó lè gbà padà.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn nínú àwọn ìpàdé wọ̀nyí. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni ó kún inú wọn, nígbà mìíràn láti inú agbo ilé kan náà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, bí Kìrìsìtẹ́nì bá fi àdúrà ṣí ìpàdé, Mùsùlùmí ni yóò fi àdúrà kádìí rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò lé ẹ̀sìn jáde. Wọ́n wọn àyè fún un ni: ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ẹ̀yin àti àwa. Nítorí pé gbogbo ẹgbẹ́ ni ó jọ mọ ìwọ̀n náà, kò sí ẹni tí ó ní láti dìde sọ pé, ‘Àdúrà yín ti pọ̀ jù.’ Akọ̀wé yóò wo aago, alága yóò sì wúkọ́.

Ìwúkọ́ alága yìí ni fóònù gbà lọ́wọ́ wa, ohun ńlá sì ni. Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, tí mo rí i pé ojú rẹ ti yí padà, mo lè fi ẹ̀rín pa á mọ́, mo lè ní, ‘Ẹ má bínú, bí mo ti fẹ́ wí i kọ́ nìyẹn.’ Àgbà tí ó jókòó sí igun lè na ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo sókè, ọ̀rọ̀ yóò sì tutù. Lórí fóònù, kò sí ojú. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń gbọ́ ọ nínú ọgọ́rùn-ún yàrá, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbínú tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kò rí wọn, àwọn náà kò sì rí i. Ohùn lásán ni wọ́n gbọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹyin ni ohùn, pé bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ni í fọ́, èyí tí fóònù gbà mú kì í kàn ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a sọ ọ́ lè tún un fọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹlòmíràn tún un fọ́ ní ọ̀la.

Àwọn òyìnbó tí ó dá nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ kò ṣàì rí ewu náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1995, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa, Sally Hambridge, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Intel ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé ìlànà kan jáde lórí ìwà ọmọlúàbí láàrin àwọn tí ń lò ó. Ó gba ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ní ìmọ̀ràn pé kí ó máa ka ọ̀rọ̀ wọn fún oṣù kan tàbí méjì kí ó tó la ẹnu, kí ó lè mọ àṣà wọn. Ó ní bí ọ̀rọ̀ kan bá mú ọ bínú, sun ọ́n di ọjọ́ kejì kí o tó fèsì. Ìyá àgbà mi tí kò mọ̀wé ìbá sọ ohun kan náà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn fún olúkúlùkù ni ìwé náà kún fún; ó gbà pé àwọn tí ń kà á jẹ́ ènìyàn tí ó lè jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ nígbàkigbà tí ó bá wù wọ́n, tí kò sì sí ẹni tí yóò lé wọn dé ilé. Ti ọmọ kíláàsì kan ní Sókótó kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn lè takò mí pé òfin ẹgbẹ́ kì í ṣe nǹkan bí kò ṣe ọ̀pá lọ́wọ́ alábòójútó, ẹni tí àwọn ọmọ wa ń pè ní ádúmíìnì. Òtítọ́ wà níbẹ̀. A ti rí alábòójútó tí ó yọ ènìyàn kúrò nítorí pé ó bi í léèrè owó ẹgbẹ́. A ti rí èyí tí ó ń pa ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá rẹ̀ rẹ́, tí ó sì ń fi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀ àti láti ṣe ẹ̀sìn tí ó wù ú, kò sì yẹ kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní dátà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gba èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè pé ta ni ó ni òfin. Òfin tí alábòójútó dá nìkan ṣe, tirẹ̀ ni. Èyí tí gbogbo wa jọ sọ kí ìjà tó dé, tí a kọ sílẹ̀, tí a sì kà sí etí ẹni tuntun tí ó bá wọlé, ó di òfin ẹgbẹ́, ó sì lè mú alábòójútó fúnra rẹ̀. Àsìkò tí a ṣe é ṣe pàtàkì ju bí ó ti gùn tó lọ. Òfin tí a ṣe nígbà tí ara tutù kì í ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú. Èyí tí a ṣe lójú ìjà, gbogbo ènìyàn ni ó mọ ẹni tí a ń bá wí.

Ẹlòmíràn yóò tún sọ pé kí ni ìwé òfin ìlà mẹ́rin lè ṣe sí àwùjọ tí ó ti mú òkúta lọ́wọ́. Kò lè ṣe nǹkan kan. Ẹni tí ó bá ti pinnu láti pànìyàn, òfin ìjọba tí ó ní ọlọ́pàá àti ẹ̀wọ̀n ni ó yẹ kí ó dá a dúró, nígbà tí òfin yẹn bá sì sùn lọ bí ó ti sùn ní kóòtù Sókótó, àwa kò lè fi ti ẹgbẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ohun tí òfin ẹgbẹ́ lè ṣe ti wáyé kí òkúta tó dé ọwọ́. Ó lè mú kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti alága, tí yóò sọ ọ́ láìbínú nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó lè mú kí ẹni tí inú bí mọ ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ gbà. Òkò àbínújù, wọ́n ní, kì í pa ẹyẹ. Ó ṣeni láàánú pé ó ń pa ènìyàn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun kan tí ó kan àwa olùkọ́, nítorí pé n kò rí ẹni tí ń sọ ọ́. Mo ti wí pé ìyà tí ó tóbi jù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni kí ó ní kí ènìyàn máa lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dúró lórí pé ènìyàn lè lọ. Ṣùgbọ́n kí ni a ti ń ṣe ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa láti ìgbà tí àrùn kòrónà ti dé ní ọdún 2020? Olùkọ́ yí àkókò ìdánwò padà, ojú òpó kíláàsì ni ó fi í sí. Ó fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá, ibẹ̀ ni. Yàrá yí padà, ibẹ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sí níbẹ̀ yóò dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò ní ọjọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe é tán. Ojú òpó tí ó rí báyìí kì í ṣe ẹgbẹ́ mọ́. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní olùkọ́ nínú. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi í sílẹ̀, kò lè di etí rẹ̀ sí i, ohunkóhun tí wọ́n bá sì dà sí i ni ó ní láti là kọjá kí ó tó rí ìkéde ìdánwò. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ bá sú, kí ni kí ó ṣe? Bí ó bá jáde, ẹ̀kọ́ rẹ̀ bàjẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ó ń jẹ ìyà láìṣẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, a ti rí ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Nítorí náà ẹrù náà kò lè wà lórí àwọn ọmọ nìkan. Bí ilé ẹ̀kọ́ yóò bá máa lo ojú òpó fún ìkéde, kí ìkéde ní ibi tirẹ̀, níbi tí olórí kíláàsì àti olùkọ́ nìkan ti lè kọ nǹkan. Láti ọdún 2018 ni WhatsApp ti fún alábòójútó ní agbára láti ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí ìtàkùrọ̀sọ, ẹ̀fẹ̀, òṣèlú àti ìwàásù wà ní òmíràn, kí ẹni tí ó bá wù wọ ibẹ̀, kí ẹni tí kò bá wù sì jáde láìpàdánù máàkì kan. Ní ibi kejì yìí ni òfin tí mo ń sọ yóò ti wúlò, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tòótọ́. Kí wọ́n jókòó lójúkojú lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí wọ́n sọ ohun tí ojú òpó náà wà fún, ẹni tí a ó gbé ẹjọ́ lọ bá, iye ìgbà tí a ó kìlọ̀ fún ènìyàn kí a tó ní kí ó máa lọ. Bí a bá sì fẹ́ wọn àyè fún àdúrà, kí a wọn ọ́n nígbà náà, kí ó má jẹ́ ti ẹ̀sìn kan ṣoṣo.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò rọrùn, èyí tí àwọn baba wa kò ní láti yanjú rẹ̀ bí ó ti le tó yìí. Kí ni a ó ṣe fún ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ jáde? Lẹ́yìn ikú Deborah, ọlọ́pàá mú obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera kan ní ìpínlẹ̀ Bauchi ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 yẹn kan náà. Wọ́n ní ó fi fídíò kan tí ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n sì pè é ní ìsọ̀rọ̀ òdì sí ẹ̀sìn. Ó lo bí oṣù mọ́kàndínlógún ní àtìmọ́lé kí ó tó rí béèlì ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọdún kan sì tún kọjá kí kóòtù tó sọ pé kò jẹ̀bi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jáde sí ìgboro kí ó tó di ohun tí àwọn ènìyàn torí rẹ̀ ń wá a kiri.

Nínú ìpàdé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá tú ọ̀rọ̀ ìpàdé sóde a máa san owó ìtanràn ju ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ àìtọ́ lọ, n kò sì rò pé wọ́n ṣìnà. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ lè má mọ̀ pé yóò dunni. Ẹni tí ó gbé e, ó ti gbọ́ ọ, ó ti mọ bí ó ti ń jóni tó, ó sì mọ àwọn tí ó ń gbé e lọ fún. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a gbé jáde: ẹni tí ó bá ń gbèrò ibi nínú ẹgbẹ́, ẹni tí ó bá ń halẹ̀ mọ́ ọmọlọ́mọ, kò yẹ kí ẹgbẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ibi tí a ó fa ìlà sí láàrin méjèèjì ni mo fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹ ń gbé inú nǹkan yìí ju èmi lọ. Tèmi ni pé kí ẹ fà á kí ìdánwò sáà yìí tó bẹ̀rẹ̀.